Kí Townsend tó dé, àwọn oníṣòwò ti dé

Bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé ta ló gbé ẹ̀sìn Kristi dé ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Henry Townsend ló máa kọ́kọ́ dá. Oṣù kìíní 1843, Abẹ́òkúta, ó tán. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Kò parọ́, Townsend wá. Àmọ́ nígbà tó fi máa wọ̀lú, Kristẹni ti wà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kọ́lé. Àwọn gan-an sì wà lára àwọn tó ń ránṣẹ́ pé kí míṣọ́nnárì wá. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Freetown, ní Sàró. Lẹ́yìn òfin 1807, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lé ọkọ̀ ẹrú kiri orí òkun. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, Freetown ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ìgbà yẹn náà ni Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun ń jó àwọn ìlú Òwu àti ti Ẹ̀gbá, nítorí náà àwọn tiwa pọ̀ níbẹ̀ jọjọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n mú ní 1821, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ní Freetown wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n kàwé, ọ̀pọ̀ di Kristẹni. Ṣùgbọ́n ilé ò kúrò lọ́kàn wọn.

Ní 1839, àwọn kan nínú wọn dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi kan. Irú ọkọ̀ wo? Ọ̀kan nínú èyí tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n kó ẹrù sínú rẹ̀, wọ́n kọrí sí Àgbádárìgì. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi yìí ni mo máa ń dúró sí. Àwọn tí wọ́n kó lọ bí ẹrú, àwọn náà ló fi owó ara wọn ra ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n fi ń bọ̀ nílé.

Ẹ má sì rò pé ilé rọgbọ. Òwò ẹrú ṣì ń lọ ní Àgbádárìgì àti l'Ékòó. Nínú àwọn tó gba Èkó kọjá, àwọn kan wà tí wọ́n jà lólè pátápátá. Ẹni tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè tún un tà. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wá.

Ọ̀kan lára àwọn tó tẹ̀dó sí Àgbádárìgì ń jẹ́ James Ferguson, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Kì í ṣe àlùfáà. Ní 1841, ó kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ ní Freetown pé kí wọ́n rán míṣọ́nnárì wá. Ó tán. Lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọwọ́ ọmọ ìjọ tó jókòó síbi tó ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí ìpè yẹn máa bí ọmọ, Thomas Birch Freeman ló dé, ní oṣù kẹsàn-án 1842. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ adúláwọ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọgbà ló sì ń ṣe kó tó di míṣọ́nnárì. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé òyìnbó ló mú un wá, ẹ wo irú òyìnbó tẹ́ ẹ ń sọ.) William de Graft, ọmọ Gold Coast, bá a wá. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Freeman ti wà ní Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kí ló fa irú ìgbàlejò bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sàró dé ti wà nílùú ṣáájú rẹ̀. Ìyá tó ti sunkún ọmọ rẹ̀ tán ti rí i tó wọlé. Lójú mi, ìyẹn ti wàásù ju ìwàásù lọ.

Townsend alára ò dá wá. Andrew Desalu Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá, ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Townsend padà sí ìlú wọn láti lọ gba oyè àlùfáà. Òun, Crowther àti Gollmer padà dé Àgbádárìgì ní 1845, àmọ́ Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Oṣù kẹjọ 1846 ni Townsend àti Crowther tó dé Abẹ́òkúta. Ní gbogbo àkókò yẹn, ta ló di ilé mú? Wilhelm àtàwọn Sàró tí ẹnikẹ́ni ò fi oyè jẹ.

Oṣù kẹjọ yẹn náà ni Crowther rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ti mú ìyá náà lẹ́rú rí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó rà á padà. Ẹ ò rí i? Àlùfáà ni ọmọ ọ̀hún, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì. Síbẹ̀ ìyá ò ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ kejì. Oṣù kejì 1848 ló ṣe é, tó gba orúkọ Hannah. Ọdún kan àtààbọ̀ ni. Àwa tá a máa ń fẹ́ kí ẹni tá a fi vídíò ìwàásù ránṣẹ́ sí yípadà kó tó wò ó tán, ká rántí ọdún kan àtààbọ̀ yìí.

Ní 1849 ọ̀rọ̀ di gbóná. Ní Ìgbòrè àti láwọn àdúgbò míì, wọ́n lu àwọn Onígbàgbọ́ tuntun, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ ìlú ni wọ́n, kì í ṣe àlejò tó lè padà sílé rẹ̀.

Mi ò ní fi epo pa á fún yín o. Sàró kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn kan dé tán, wọ́n ń pe àwọn èèyàn wọn ní kèfèrí bí ẹni pé ibòmíì ni wọ́n ti wá. Àwọn míì tún ní ẹrú nílé, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú! Ìyẹn ba ẹ̀rí wọn jẹ́ ju ohun tí ọ̀tá lè ṣe lọ.

Ìgbà tó wá yá, ẹ̀sìn gba oko lọ. Àwọn tó kúrò ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó ní 1901 ló dá African Church sílẹ̀. Aṣíwájú kan nínú wọn ni J. K. Coker, tó ní oko kòkó ńlá ní Ìfàkọ̀, lápá Agége. Àwọn lébírà ń wá láti òkè gbogbo, láti Èkìtì, láti Oǹdó. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n kọ́ ìwé kíkà àti àdúrà lóko kan náà. Tí wọ́n bá ń lọ sílé, wọ́n á di kòkó mọ́ ìwé. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi wà lára wọn, ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa ní Èkìtì nìyẹn. Lébírà ni. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pàdé lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n tó ní ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Wọ́n ní òun náà ló ń fi kòkó han àwọn aládùúgbò, tó bá sì ti fi ẹ̀yìn ọ̀la kòkó hàn wọ́n tán, ọ̀rọ̀ míì á tẹ̀ lé e.

Ẹ tún wo 1918, nígbà tí lùkúlùkú ń pa èèyàn bí eṣinṣin. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣadárè, alágbẹ̀dẹ wúrà, kó àwọn kan jọ fún àdúrà. Tíṣà ni Sophia Odùnlámì tó wà láàárín wọn. Ní 1928, awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni Joseph Babalọlá nígbà tó sọ pé Ọlọ́run pe òun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, èrò kún Òkè-Ọ̀oyè ní Iléṣà débi pé ọ̀nà dí.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé lónìí, tí wọ́n bá ní "ẹ lọ wàásù" ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ojú á yí sí pásítọ̀ àti ẹgbẹ́ ajíhìnrere. Alágbẹ̀dẹ wúrà, tíṣà, lébírà oko kòkó, ẹni tó mọ lẹ́tà kọ: àwọn yẹn náà nìyẹn, a kàn pààrọ̀ oko sí ọ́fíìsì ni. Wọn ò ní máìkì. Ohun tí wọ́n ní ni aládùúgbò tó mọ̀ wọ́n, tó mọ̀ bóyá wọ́n ń san gbèsè, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀. Ó lè gbàgbọ́, ó sì lè kọ̀. Àmọ́ ó ti rí ohun tó fẹ́ gbà tàbí tó fẹ́ kọ̀.

Ẹ bi àwọn àgbà yín nílé kí wọ́n tó lọ tán: nínú ìdílé yín, ta ló kọ́kọ́ gbé e wálé, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ń kó wọn jọ.