Ohùn Tó Ń Ti Ọwọ́ Dé Ọwọ́: Ìtàn Ìwádìí lórí Ayélujára àti Òṣèlú

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ẹni tó wọlé ìbò ààrẹ, ìwé ìròyìn orí ayélujára Peoples Gazette gbé ohùn kan síta. Wọ́n ní Peter Obi, olùdíje ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ló ń bá Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó bá òun bá àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá àti Kwara sọ̀rọ̀, tó sì ń pe ìbò náà ní ogun ẹ̀sìn. Obi ní ayédèrú ni. Ìwé ìròyìn náà ní òótọ́ ni. Láìpẹ́, "Yes Daddy", ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ nínú ohùn náà, di ohun tí wọ́n fi ń bú ara wọn lórí fóònù. Canaanland, ibùjókòó ìjọ Winners tí Oyedepo ń darí, Ọ̀tà ló wà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà; ilé ìsìn tí wọ́n yà sí mímọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1999 ń gba ju 50,000 ènìyàn lọ. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ní ìlú tí Mùsùlùmí àti Kristẹni, Àwórì, Ẹ̀gùn, Ígbò àti Hausa ti jọ ń wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan náà.

Ó ti lé lógún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí: ṣé ayélujára ló ń sọ ènìyàn di aláṣejù nínú òṣèlú, tàbí ohun tó ti wà nínú wa tẹ́lẹ̀ ló ń hú jáde? Lọ́dún 2001, ọdún tí fóònù GSM dé Nàìjíríà, Cass Sunstein, ọ̀mọ̀ràn nípa òfin ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé Republic.com. Ẹ̀rù ń bà á pé oníkálukú yóò máa gbọ́ kìkì ohun tó bá èrò rẹ̀ mu. Lọ́dún 2011, Eli Pariser fi kún un pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣa ohun tí a óò rí fún wa. Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo ènìyàn létí. Àmọ́ lọ́dún 2017, Boxell, Gentzkow àti Shapiro fi hàn pé ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà tí kì í sábà lo ayélujára ni ìkórìíra láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ sí i jù lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ MIT lórí nǹkan bí 126,000 ìròyìn lórí Twitter rí i pé irọ́ máa ń yára tàn ju òótọ́ lọ, àti pé ènìyàn gan-an, kì í ṣe ẹ̀rọ, ló ń gbé e kiri.

Ìwádìí nípa Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn, èmi sì gbà pé òun ló sún mọ́ wa jù. Manacorda àti Tesei, lọ́dún 2020, wo orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti 1998 dé 2012: níbi tí fóònù bá wà, ìwọ́de máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀. Ebi ló ń bí ìbínú, fóònù ló ń kó àwọn tí inú ń bí jọ. Ẹni tó bá rántí oṣù Kìíní ọdún 2012, tí owó epo bẹtiróòlù fò láti náírà 65 sí 141, tí èrò sì kún Ọ̀jọ́ta ní Èkó, kò ní jiyàn. Guriev, Melnikov àti Zhuravskaya náà wo orílẹ̀-èdè 116 káàkiri àgbáyé: bí íntánẹ́ẹ̀tì 3G ṣe ń dé, ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ará ìlú nínú ìjọba ń dínkù, àwọn olóṣèlú tó ń pe àwọn aláṣẹ lọ́tàá mẹ̀kúnnù sì ń jèrè rẹ̀ ní Yúróòpù.

Àwọn tó gbìyànjú láti fi owó ra ọkàn wa lórí fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ rí ṣe. Ṣáájú ìbò 2015, iléeṣẹ́ Cambridge Analytica ṣe fídíò ìdẹ́rùbà nípa Muhammadu Buhari, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 2018. Buhari sì wọlé.

Iṣẹ́ tó wù mí jù ni èyí tí CDD, àjọ ìwádìí kan ní Àbújá, àti Yunifásítì Birmingham gbé jáde lọ́dún 2019 lórí WhatsApp àti ìbò ọdún náà. Kano àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ inú WhatsApp wà ní títì pa, kò sí ẹni tó lè yọjú wò ó láti òkèèrè, nítorí náà wọ́n ní láti jókòó ti àwọn ará ìlú kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè. Wọ́n rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti gbé WhatsApp ka orí àjọṣe tó ti wà nílẹ̀, pé àwọn olóṣèlú ń fi í tan irọ́, pé àwọn ará ìlú náà sì ń fi í já irọ́ nírọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tó gbé e wá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n tàbí olórí ìjọ bá fi ránṣẹ́, ta ló ń bi í pé ibo ló ti rí i?

Ìbò 2023 fi èyí hàn kedere. Nínú ìbò ààrẹ, Obi fi ìbò 582,454 borí Bọ́lá Tinúbú, tó ní 572,606, ní Èkó. Láti ọjọ́ ìbò ààrẹ náà títí di ìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gba orí fóònù kan, wọ́n sì lé àwọn kan tí wọ́n fura sí pé Ígbò ni wọ́n kúrò ní ibùdó ìdìbò. Èkó àti Sángo, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kò ju ìrìn dáńfó kan lọ.

WhatsApp dín iye ibi tí ènìyàn lè tari ọ̀rọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kù sí márùn-ún ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Meta, iléeṣẹ́ tó ni WhatsApp, tún ṣílẹ̀kùn Facebook fún àwọn olùwádìí nígbà ìbò Amẹ́ríkà ti 2020: wọ́n yí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò síwájú àwọn ènìyàn padà fún oṣù mẹ́ta, èrò wọn nípa òṣèlú kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, Facebook sì ni. Èyí tó yẹ Adó-Odò/Ọ̀tà ni irú ìwádìí tí CDD ṣe ní Ọ̀yọ́: kí àwọn tó gbọ́ Yorùbá, Ẹ̀gùn, Ígbò àti Hausa jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ Sángo nígbà tí ìbò kò tíì sí nílẹ̀, kí wọ́n tún padà wá nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì béèrè ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ àti ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́.