Alájọ Ṣómólú Tó Ta Mọ́tò Ra Kẹ̀kẹ́

Ọmọ Èkó wo ni kò tíì gbọ́ ọ kí wọ́n fi bú ẹnìkan rí? "Orí ẹ burú bíi ti Alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́." Bí ọpọlọ ẹlòmíràn bá sì jí pépé, ọkùnrin kan náà la ó tún fi yìn ín, pé orí ẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò bára mu létí mi. Báwo ni orí ṣe lè pé tó báyẹn, kó tún wá burú nítorí kẹ̀kẹ́?

Kì í ṣe àlọ́ la ń pa o. Èèyàn gidi ni Alájọ Ṣómólú. Alphaeus Táíwò Olunaike lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ọdún 2012 ló sì kú. Iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́kọ́ kọ́. Nínú àwọn ọdún 1950 ló di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí àjọ gbígbà, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń fi owó wọn lé e lọ́wọ́ bí ẹni fi ọmọ lé ìyá àgbà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ná, ká tó dá ẹjọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ń dá sísì lójoojúmọ́ fún 30 ọjọ́ ti kó ṣílè 15 jọ. Bí oṣù bá pé, alájọ á yọ sísì ọjọ́ kan, owó iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, á wá kó ṣílè 14 àti sísì fún olówó. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí pé wá fi ilé dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: sísì kan péré ni èrè alájọ lórí oníbàárà kan lóṣù. Kó tó rí pọ́n-ùn 5, ó gbọ́dọ̀ ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ 200, kó sì dé ọ̀dọ̀ olúkúlùkù wọn lójoojúmọ́, torí owó tí alájọ kò bá gbà lónìí, ọbẹ̀ ni wọn yóò fi sè lọ́la.

Mọ́tò wo ló fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Ẹni tó bá mọ Ṣómólú, Bàrígà àti Mushin mọ̀ pé ibẹ̀ kò rí bíi Ìkòyí. Ilé ń ti ilé, ojú àgbàrá ń gba ẹnu ọ̀nà ẹni kọjá, ọ̀nà mìíràn kò sì ju kí èèyàn méjì yà fún ara wọn lọ. Mọ́tò á dúró sí títì, alájọ á fẹsẹ̀ rìn wọlé, epo á sì ti jẹ sísì èèyàn mélòó kan. Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í mu epo. Ó ń wọ ẹ̀yìnkùlé, ó ń gba àárín ìsọ̀ kọjá, bí ọ̀nà bá sì dí pátápátá, èèyàn á gbé e léjìká. Lójú tèmi, ìṣirò ni ọkùnrin náà ṣe, kì í ṣe wèrè.

Àwọn tó ń dá àjọ náà ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá. Ní 1955 ni LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Surulere. Ilé mọ́, omi ń bẹ, àmọ́ ibi iṣẹ́ àti ọjà wọn ṣì wà lérékùṣù, lódìkejì afárá Carter. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń san owó bọ́ọ̀sì lọ, ó ń san án bọ̀. Bọ́ọ̀sì Zarpas ni wọ́n ń wọ̀ títí di 1958, tí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra ilé-iṣẹ́ náà. Fún lébìrà, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun fàájì nígbà náà. Owó bọ́ọ̀sì tí kò san mọ́ ni kẹ̀kẹ́ fi ń san ara rẹ̀ padà.

Ibi tí yóò ti rí owó rẹ̀ ni wàhálà wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè yá owó kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹlòmíràn á ra àwìn, kí olówó máa wá lóṣó tì í bí òṣómàáló. Àwọn yòókù, àjọ ni. Ká ní kẹ̀kẹ́ kan jẹ́ pọ́n-ùn 14 àti ṣílè 10. Ẹni tó ń dá sísì lójúmọ́ yóò dá a fún oṣù 20 gbáko. Ẹ wo sùúrù! Bí ó bá lè dá ṣílè kan, oṣù 10 ni.

Ẹni tí kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀ á wá àlòkù. Àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ àlòkù ṣeré rárá. Wọ́n ní ọ̀dà kọ́ lèèyàn ń wò, torí ọ̀dà tuntun lè bo ojú ibi tí wọ́n ti jó férémù pọ̀. Gbé iwájú rẹ̀ sókè, kí o yí táyà, kí o wò ó bóyá rímù ń mì bí ọ̀mùtí. Di pẹ́dà mú, kí o fì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń ró kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, owó ń bọ̀ wá jáde. Kí o tó sanwó, gba rìsíìtì àti láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ọlọ́pàá má baà bá ọ lórí kẹ̀kẹ́ olè. Raleigh ni wọ́n fẹ́ràn jù, Hercules àti Rudge náà sì wà. Gbogbo wọn ló wúwo bí irin ojú rélùwéè, wọn kì í sì í tètè kú.

Nígbà wo wá ni kẹ̀kẹ́ di èébú? Èmi rò pé owó epo rọ̀bì ló fà á. Nígbà tí owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní 1975, mọ́tò àti alùpùpù di ohun tí ojú ń wá. Àwọn ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń là nígbà náà, mọ́tò nìkan ni wọ́n rò mọ́ ọn. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, ta ló jẹ́ gun ológeere lé e lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé? Ẹni tó bá ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ di òtòṣì lójú aráyé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú ìgbà mọ́tò wo ohun tí ọkùnrin kan ti fi làákàyè ṣe nígbà tirẹ̀.

Ayé tún ti yí díẹ̀. Ní 2022 ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Surulere àti Mainland, lẹ́yìn náà ó kan Ṣómólú àti Mushin. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò mi ní Surulere ń wá kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ìwo àgbò, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín. Mo bi í níbi tó ti fẹ́ rówó. Ó ní òun ti dá àjọ oṣù márùn-ún. Alájọ tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.