Òṣoogùn, 1821: Ìrántí Ogun Nínú Ẹbí Àjàyí Crowther

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ lọ́wọ́, ogun ya wọ Òṣoogùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Àwọn Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn ajagun náà, Fúlàní wà níbẹ̀, ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe àjèjì nìkan ló kó Òṣoogùn. Apá yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí kì í fẹ́ sọ fún ọmọ.

Baba Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí aya àti àwọn ọmọ sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́ láyé. Wọ́n fi okùn so ọmọ náà, Àfálà ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì àti ìbátan wọn kan, wọ́n kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì pín wọn bí ẹrù. Ẹṣin ni wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó ni ẹṣin ní òun kò ṣe mọ́. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n tà á títí dé Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ó sì dé Freetown.

Ní ọdún 1837 ni ó kọ lẹ́tà tí a fi mọ gbogbo èyí. Nínú rẹ̀, ó pe ọjọ́ ogun náà ní ọjọ́ ibi, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n ti kọ́ òun láti rí i bí ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé òun ni ó ṣe ọ̀nà fún un dé inú ìgbàgbọ́ Kírísítì. Bí ọmọ ṣe rántí nìyẹn. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá yóò ti rántí rẹ̀? Àfálà pàdánù ọkọ, ilé àti ọmọ, kò sì kọ ìwé kankan.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìyá àti ọmọ tún pàdé ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún 25. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1848 ni Àfálà ṣe ìrìbọmi, tí ó sì gba orúkọ Hannah.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọmọ náà gbà rántí ilé. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí ó tó tún gbúròó ìyá rẹ̀. Èdè tí ogun fẹ́ gbà lẹ́nu rẹ̀ ni ó ń kó jọ sínú ìwé yẹn, kò sì jẹ́ kí orúkọ Àjàyí parẹ́ lára Samuel Crowther.

Láti Ògbòòrò dé Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, ilé tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù. Oríkì orílẹ̀ àti orúkọ bí Abíógun ni ìwé tiwọn. Ṣùgbọ́n oríkì a máa yin akọni ju bí ó ti ń ka àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Èyí ni kò fi rọrùn láti mọ orúkọ àwọn ìyá tí kò padà dé.

Àfálà kú ní Èkó ní ọdún 1883. Herbert Macaulay, ọmọ Abigail, ọmọ Àjàyí, ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Àsọdùn ni kí a sọ pé ogun Òṣoogùn ló bí ìjà tí Herbert jà nígbà ayé rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1920, ó tẹ̀lé Olóyè Olúwa lọ sí London nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, ní ọdún 1921 sì ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé àwọn onílẹ̀ ní láti gba owó ìtánràn.