Ta Ló Gbé Ìjọ Presbitéríà Dé Creek Town?

Bí a bá dárúkọ ìjọ Presbitéríà ìlú Creek Town ní Kàlàbá, orúkọ Hope Waddell ló máa ń kọ́kọ́ jáde, bí ẹni pé ọkùnrin ará Ireland náà ló dá gbé ìhìnrere débẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1846. Lójú tèmi, ìtàn yẹn kò kún. Jàmáíkà ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1841, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àjàgà ẹrú bọ́ lọ́rùn àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀, ni ìjọ Presbitéríà erékùṣù náà pinnu láti rán oníwàásù sí ilẹ̀ tí wọ́n ti kó àwọn baba wọn lọ. Àwọn àgbà ìjọ ní Scotland ní kò tíì yá, ṣùgbọ́n ti Jàmáíkà kò jáwọ́. Edward Miller àti Andrew Chisholm, tí wọ́n ti Jàmáíkà wá, wà lára àwọn tó bá Waddell gúnlẹ̀.

Àwọn onílé pàápàá ti ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní ìparí 1842, Ọba Eyamba Karùn-ún ti Duke Town àti Ọba Eyo Honesty Kejì ti Creek Town kọ lẹ́tà pé àwọn ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ àwọn ní ìwé, tí yóò sì kọ́ àwọn ní iṣẹ́ ìrèké. Ẹnì kan lè wí pé òwò ni wọ́n ń wá, kì í ṣe Ọlọ́run. Òótọ́ wà níbẹ̀: òwò ẹrú ń kú lọ, epo pupa ló kù, ẹni tí kò sì mọ ìwé ni ọ̀gákọ̀ òyìnbó máa rẹ́ jẹ. Àmọ́ ẹni tó ń wá ìṣirò nìkan kò ní máa fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ ìwàásù ní àgbàlá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi bí Eyo ti ṣe. Ní 1850, òun àtàwọn ìjòyè Duke Town fi òfin ẹgbẹ́ awo Ẹ̀kpẹ̀ de pípa ẹrú níbi ìsìnkú ọlọ́lá. Òwò kọ́ ló béèrè ìyẹn.

Wọ́n tún lè ní Eyo kú ní 1858 láìṣèrìbọmi, pẹ̀lú aya púpọ̀ àti ẹrú púpọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì pè é ní onígbàgbọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ni irúgbìn náà ti hù. Ní 1853 ni Esien Ukpabio, ọmọ Efik, ṣèrìbọmi. Ní 1872 ni wọ́n fi í joyè àlùfáà, ọdún mẹ́rin gbáko kí Mary Slessor, míṣọ́nnárì tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kàlàbá.