Àwọn Kámẹ́rà Àtijọ́ Tó Fara Jọ Ohun Ìlò Ojoojúmọ́

Kámẹ́rà afarapamọ́ ni àwọn kámẹ́rà kéékèèké tí wọ́n ṣe bí aago àpò, ìwé, táì tàbí páálí ìṣáná, kí ẹni tí wọ́n ń yà má baà fura. Láti nǹkan bí 1885 títí di Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n gbòde jù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Lónìí, àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ló ń wá wọn kiri ní ilé gbànjo.

Gíláàsì gbígbẹ, èyí tí oògùn fọ́tò ti gbẹ mọ́ lára, ló bí wọn. Kí ó tó dé, onífọ́tò ní láti fi oògùn olómi ra gíláàsì, kó yà á, kó sì fọ̀ ọ́ kí oògùn náà tó gbẹ. Ẹni tí wọ́n ń yà á dúró bí ère. Gíláàsì gbígbẹ ṣeé rà ní ìsọ̀, ó sì yára gba ìmọ́lẹ̀ débi pé a lè ya ẹni tó ń rìn lọ.

Robert Gray ti New York ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ lókìkí, C. P. Stirn ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1886. Ó rí róbótó, ó sì pẹrẹsẹ bí àwo. Wọ́n ń fi okùn gbé e kọ́ ọrùn lábẹ́ wésíkóòtù, lẹ́ńsì á yọjú níbi ihò bọ́tìnì. Kí èèyàn ti ọwọ́ bọ àpò, kó fa okùn kan, fọ́tò ti wọlé. Mẹ́fà ni gíláàsì kan ń gbà. Carl Størmer, akẹ́kọ̀ọ́ ní Kristiania (Oslo òde òní), fi í ya nǹkan bí 500 fọ́tò ní àwọn ọdún 1890, Henrik Ibsen, òǹkọ̀wé eré, wà lára àwọn tó bá pàdé lójú títì. Ọmọge kan tí kò mọ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ fà sí, ló tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ticka ni èyí tó dà bí aago. Houghtons ti Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é láti nǹkan bí 1905 títí di 1914; Magnus Niéll, ọmọ Sweden, ló gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ kalẹ̀. Expo ni irú rẹ̀ ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí o bá gbé e sọ́wọ́, aago àpò gan-an ni, ṣùgbọ́n kókó tí wọ́n fi ń yí aago ni ìdérí lẹ́ńsì. Fíìmù rẹ̀ ń gba fọ́tò 25, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 16 sí 22. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe èyí tó ní ojú aago. Ọwọ́ rẹ̀ kì í rìn: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ló dúró sí, torí àlàfo àárín ọwọ́ méjèèjì ló ń fi ibi tí lẹ́ńsì lè rí dé hàn. Ọgbọ́n yìí dùn-ún wò ju fọ́tò tó ń yà lọ. Ticka olójú aago yìí àti onífàdákà ló ṣọ̀wọ́n jù. Ẹni tó bá ń rà á, kí ó wo ìdérí àti ojú ìwòran kékeré tó máa ń há mọ́ ọn. Àwọn ló tètè ń sọnù.

Krügener ṣe èyí tó dà bí ìwé ní Jámánì ní 1888. Bloch fi tirẹ̀ sínú táì ní Paris ní 1890.

Àwọn olùtajà fẹ́ràn láti pè wọ́n ní kámẹ́rà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́pàá tàbí amí kan ti lò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò tó kù, bíi ti Størmer, dà bí iṣẹ́ ẹni tó ń fi fọ́tò ṣeré. Ti Ogun Àgbáyé Kejì yàtọ̀: Eastman Kodak ṣe èyí tó tó páálí ìṣáná fún OSS, àjọ amí Amẹ́ríkà, wọ́n sì lè lẹ bébà ìṣáná ilẹ̀ tí amí ń lọ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ogun ni kámẹ́rà Steineck tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ dé ní Jámánì, àti Echo 8 ti Japan tó dà bí láítà, èyí tí wọ́n fi ya ọmọbìnrin ọba nínú fíìmù Roman Holiday ní 1953.

Kò sí fíìmù Ticka lórí àtẹ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo tirẹ̀ á la fíìmù mìlímítà 35 sí méjì ní gígùn nínú òkùnkùn, nítorí mìlímítà 17.5 ni fíìmù rẹ̀ fẹ̀.