Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga àti Ìlẹ̀kùn Báǹkì ní Ilẹ̀ Faransé

Ní ilẹ̀ Faransé, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń ṣí ìlẹ̀kùn báǹkì ńlá. Georges Pompidou kò kọ́ iṣẹ́ owó. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni. Ṣùgbọ́n École normale supérieure ni ó ti jáde, ó sì ti bá De Gaulle ṣiṣẹ́. Báǹkì ìdílé Rothschild gbà á. Emmanuel Macron jáde ní ENA ní 2004. Báǹkì ìdílé kan náà gbà á ní 2008. Àwọn méjèèjì di Ààrẹ lẹ́yìn náà. Ìdánwò ìdíje líle ni a fi ń wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó bá yege a máa mọ ara wọn, wọn a sì máa fa ara wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa tó yan yunifásítì, ẹ jẹ́ kí a bá wọn wádìí ibi tí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lónìí.