Àṣẹ Ìfọkọ̀ Akẹ́rù Ṣòwò: Bó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Bó Ṣe Dé Araromi-Obu

Bí èèyàn bá ra tírélà tàbí lọ́rì 911 ògbólógbòó kan, tó fẹ́ máa fi gbé kòkó, rọ́bà tàbí pákó láti Araromi-Obu lọ sí Èkó, tó wá béèrè ìwé tó yẹ kó gbà, ìdáhùn mẹ́ta ni yóò gbọ́ kó tó kúrò ní oríta Ore. Ẹnì kan á ní ìwé hackney, ìyẹn àṣẹ ìfọkọ̀ ṣòwò, ni. Ẹnì kejì á ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó lọ rí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀. Ẹnì kẹta, bó bá jẹ́ onígẹdú, á ní bí kò bá sí òǹtẹ̀ aláṣẹ igbó, ìwé yòókù kò wúlò. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sí lójú kan: díẹ̀ wà nínú òfin ìrìnnà, díẹ̀ nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, díẹ̀ sì fara pamọ́ sínú ìtàn òṣèlú. Mo kó wọn jọ síbí nítorí pé ẹnu wọn kò kò, ọlọ́kọ̀ tó ní mọ́tò kan ṣoṣo ló sì ń fowó ara rẹ̀ tán an.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi mọ́tò kẹ́rù lójú ọ̀nà jíjìn nílẹ̀ Yorùbá. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 wọ Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí ìjọba sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1907. Nígbà tí ìjọba jẹ́ ọlọ́kọ̀, ta ni yóò béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ta ni? Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi wọ òwò náà: W. A. Dawodu l'Ékòó, Sàlámì Àgbàjé n'Ìbàdàn. Ní ti ẹni tó kọ́kọ́ ní lọ́rì, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní akọni tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Ohun tó kàn wá ni pé láísẹ́ǹsì méjì péré ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ wọn: ti mọ́tò àti ti ẹni tó ń wà á. Ẹ wo ilẹ̀kùn bọ́lẹ̀kájà àtijọ́: orúkọ ẹni tó ni ín àti ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé ni wọ́n máa ń kùn síbẹ̀. Lára mọ́tò ni àṣẹ wà.

Láàárín 1930 sí 1940 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Ọrọ̀ ajé ayé ti dẹnu kọlẹ̀, owó kòkó ti já, rélùwéè tí ìjọba jẹ gbèsè kọ́ sì ń pàdánù ẹrù fún lọ́rì. Kò sí àgbẹ̀ tí kò ní yàn kí lọ́rì wá gbé kòkó lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀ ju kó sanwó fún alárù dé ibùdó rélùwéè. Irú ìjà yìí ń lọ níbi gbogbo láyé nígbà náà, àmọ́ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe yanjú tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 1933, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó pín akẹ́rù sí A, B àti C: A fún ẹni tó ń gbé ẹrù ọlẹ́rù gbowó, C fún ẹni tó ń gbé ẹrù ara rẹ̀ nìkan, B fún ẹni tó ń ṣe méjèèjì. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1935. Níbẹ̀, akẹ́rù tó bá fẹ́ kọjá ààlà ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn níwájú àjọ ìjọba àpapọ̀ pé ará ìlú nílò òun, àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ti wà lójú ọ̀nà sì lè dìde láti ta kò ó. Ọdún 1980 ni wọ́n tó tú okùn yẹn sílẹ̀. Lónìí, ọmọ Yorùbá tó ní tírélà ní Houston yóò san 300 dọ́là fún àṣẹ náà, yóò sì fi ìwé adójútòfò tó tó 750,000 dọ́là hàn, ó kéré tán, bó bá fẹ́ máa gbé ẹrù ọlẹ́rù. Ìwé kan náà ni, orúkọ ẹni tó ń ṣòwò ló sì wà lórí rẹ̀.

Ìjọba amúnisìn kò gba ọ̀nà yẹn ní Nàìjíríà. Owó ni wọ́n fi de lọ́rì: èyí tó bá ń bá rélùwéè du ẹrù lójú ọ̀nà kan náà, owó láísẹ́ǹsì tirẹ̀ á lé sókè. Àwọn ọlọ́kọ̀ fárígá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ń ra irè oko tó sì ń fi mọ́tò ṣòwò nígbà náà, jẹ́ akọ̀wé Nigerian Motor Transport Union, ó sì wà lára àwọn tó ṣáájú ìjà náà. Àwọn tó kọ ìtàn Awólọ́wọ̀ a máa ka èyí sí àtẹ̀gùn tó gbà dé ìdí òṣèlú, wọ́n á sì kọjá lọ. Mo rò pé wọ́n fo ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí. Ìgbà yẹn ni ìjọba ti kẹ́kọ̀ọ́ pé gbígba owó lórí mọ́tò rọrùn ju ṣíṣe ìwádìí ẹni tó ni ín, gbogbo ìjọba tó jẹ lẹ́yìn wọn ni kò sì gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Òfin 1945 sọ adójútòfò fún ẹni tí mọ́tò bá ṣe ní jàǹbá di dandan. Láti ibẹ̀ títí dé ìgbà ogun abẹ́lé, mọ́tò pọ̀ sí i, òfin kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Lóṣù kẹjọ 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé Ore, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì ti dá wọn padà. Ọ̀rọ̀ ìjà Ore kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Louis Ojukwu, ọ̀kan lára àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tó lókìkí jù ní Nàìjíríà, ló bí olórí Biafra. Ní 2 oṣù kẹrin 1972, gbogbo awakọ̀ kúrò lápá òsì wá sápá ọ̀tún. Ní 1976, agbègbè Odigbo, níbi tí Ore àti Araromi-Obu wà, bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó tuntun, ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì sì di ti Àkúrẹ́, olú ìlú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ló wá kàn. Nígbà tí ìjọba ológun tún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò ní 1978, NURTW di ti àwọn awakọ̀. RTEAN jẹ́ ti àwọn tó gba awakọ̀ síṣẹ́. Níbo wá ni kí ẹni tó ni lọ́rì kan, tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ wà á, wọ̀ sí? NURTW á ní ẹni tó bá ti di ìtọ́kọ̀ mú, awakọ̀ ni. RTEAN á ní ẹni tó ń sanwó fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀gá ni. Tìkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Bí a bá fi ojú òfin wò ó, kò sí èyí tó lè fi tipá mú un: òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe ní 2005 sọ pé ẹni tó bá wù ló ń wọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló ń to ọkọ̀ ní gáréèjì, ẹni tí kò bá sì sí lórí ìlà wọn, ẹrù á ṣọ̀wọ́n fún un.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ gba kí a fara balẹ̀ wò ó, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń ṣì gbọ́ jù. Àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 fún wọn lágbára láti fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré, báró àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì. Ó dárúkọ truck náà, àmọ́ ó yọ èyí tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn sílẹ̀. Àfikún kan náà fún wọn ní àkóso gáréèjì. Ìrìnnà lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, irú èyí tó gba Ore kọjá láti Ṣágámù lọ sí Benin, wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin owó orí ti 1998 sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé igi dí ọ̀nà láti gba owó orí. Ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀: tírélà tó bá wọ gáréèjì láti já ẹrù tàbí láti kó o jẹ ìjọba ìbílẹ̀ lówó, èyí tó ń kọjá lọ lójú títì márosẹ̀ kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Àwọn tó ń na pákó onísó sójú ọ̀nà láti gba sítíkà kò ní òfin lẹ́yìn, aṣọ yòówù kí wọ́n wọ̀.

Agbégilódò yàtọ̀, nítorí lára ẹrù ni àṣẹ tirẹ̀ wà. Nínú igbó ọba Olúwa, nítòsí Ore, bí onígẹdú bá gé igi lulẹ̀, á fi òòlù tirẹ̀ tí lẹ́tà wà lórí gbá ìdí gẹdú, kí á lè mọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀ṣọ́ igbó á wá gbá ti ìjọba sí i lẹ́yìn tí owó bá wọlé. Àmì á wọnú igi, òjò kò ní fọ̀ ọ́. Awakọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré, tó gbé gẹdú tí kò ní òǹtẹ̀ kejì yẹn, olè igi ni lójú òfin.

Ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC) sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Ètò kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà tó yá súnmọ́ irú ti Amẹ́ríkà: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó sì ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ààbò. Àmọ́ ọkọ̀ márùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀, kò kan ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo. Láti 2016 ni wọ́n ti ń fi dandan mú ọkọ̀ èrò àti akẹ́rù láti so ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré kọjá ìwọ̀n.

Ohun tó kù fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Araromi-Obu ni láísẹ́ǹsì mọ́tò pẹ̀lú nọ́ḿbà alámì pupa, ìwé hackney, ìwé àwọn ayẹ̀kọ̀wò ìjọba (VIO) pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà, láísẹ́ǹsì awakọ̀ tó bá irú ọkọ̀ náà mu, àti adójútòfò. Kò sí èyí tó ń béèrè bóyá ó mọ òwò náà àfi ti adójútòfò díẹ̀. Láti oṣù kìíní 2023, 20,000 náírà ni adójútòfò ẹni-kẹta fún ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ẹni tó ni ín, 100,000 sì ni ti èyí tó ń gbé ẹrù ọlẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kòkó oníkòkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí aṣojú kankan ta ti 20,000 fún yín: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé ọkọ̀ tí àwọn kọ sílẹ̀ kọ́ nìyẹn.